Kí Owó Tó Kúrò Lọ́wọ́ Yín: Ọ̀rọ̀ Nípa Ilé Rírà àti Lọ́yà

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn olùkọ́ kan sọ ní Ìbàdàn nìyí. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá, mo sì fi àwọn ìbéèrè tí wọ́n bi mí kún un.

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ kú ìjókòó. Alága yín pè mí lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, wọ́n ní àwọn kan nínú yín fẹ́ yá owó ẹgbẹ́ láti fi ra ilé lọ́dún yìí. Wọ́n wá bi mí pé, "Lọ́yà, ìgbà wo gan-an ló yẹ ká pè yín sí i?" Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi nínú. Ọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀ ló gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ tí mò ń ṣe nílùú yìí, àwọn tó sì ń wá bá mi kì í béèrè ìgbà tó yẹ kí wọ́n wá. Ọ̀rọ̀ á ti bẹ́yìn yọ kí n tó rí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti tọkọtaya kan fún yín. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni wọ́n wọ ọ́fíìsì mi. Ìyàwó ló gbé ọ̀rá dúdú kan dání, ó tú ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí tábìlì mi. Risíìtì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n fi báírò kọ, wọ́n lẹ sítáǹbù ìfìwéránṣẹ́ mọ́ ọn, wọ́n sì buwọ́ lù ú lórí. Ẹ̀dà sọ́fè kan, ìwé tó ń fi bí ilẹ̀ ṣe rí àti ibi tó wà hàn, wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí wọ́n ti ṣe fótókọ́pì rẹ̀ títí tí nọ́ńbà orí rẹ̀ fi ṣú mọ́ra. Ìkẹta ni ìwé àdéhùn ojú ewé méjì, ọmọ tó ń tẹ̀wé lójú títì ló bá wọn tẹ̀ ẹ́. Ọkọ ní, "Lọ́yà, ẹ bá wa wò ó bóyá ó dáa." Mo bi wọ́n pé èló ló kù tí wọn kò tíì san. Ọkọ wo ìyàwó, ìyàwó wolẹ̀. Wọn kò jẹ kọ́bọ̀ kan. Ó ti pé oṣù mẹ́rin tí wọ́n ti san án tán.

Ilé náà wà lóòótọ́. Yàrá mẹ́ta ni, wọ́n kùn ún lọ́dà, kànga wà lẹ́yìnkùlé. Mo gbé ẹ̀dà sọ́fè náà fún sọfíyọ̀ kan pé kó bá mi yẹ̀ ẹ́ wò ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà àwọn sọfíyọ̀ ìpínlẹ̀. Nígbà tó padà dé, ó ní inú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà tipẹ́tipẹ́ ni ilé náà jókòó sí. Ọjọ́ díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ gbà wá. Owó tí a ná sí àyẹ̀wò yẹn kò tó owó ọ̀dà tí wọ́n fi kun ilé náà.

Mo jókòó níwájú wọn, mò ń wá ohun tí mo lè sọ. Ká ní wọ́n wá kí wọ́n tó sanwó ni, gbólóhùn kan péré ni ǹ bá sọ fún wọn: ẹ má rà á. Wọn ì bá jáde, wọn ì bá wá òmíràn lọ. Ní báyìí, ó ti di pé ká kọ lẹ́tà sí ẹni tó tà á, ká wá a débi tó kó lọ, ká pè é lẹ́jọ́, ká tún máa bẹ ìjọba pé kí wọ́n má wó o. Ẹni tó gbowó sì ti ná an.

Nítorí náà, ohun tí mo wá sọ kò pọ̀. Ìgbà tí owó ṣì wà lọ́wọ́ yín ni lọ́yà lè ṣe yín lóore jù. Owó tí ẹ kò tíì san ni agbára tí olùrà ní, kò sí òmíràn. Bó bá ṣì wà lọ́wọ́ yín, ẹni tó ń tà yóò mú ìwé tí ẹ bá bèèrè wá, yóò ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Kàdúná pé kó wá buwọ́ lùwé, yóò sì ní sùúrù títí ẹ ó fi yẹ gbogbo rẹ̀ wò. Tó bá ti bọ́ sápò rẹ̀ tán, ẹ ó máa pè é lórí fóònù, kò ní gbé e.

Ẹ kò nílò lọ́yà nígbà tí ẹ bá ṣì ń wo ilé kiri. Ẹ wo mẹ́wàá bó bá wù yín. Ẹni tí ẹ nílò nígbà yẹn ni bíríkìlà tó mọṣẹ́, tó lè fi ọwọ́ gbá ògiri kó sì sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, àti aládùúgbò tí yóò sọ ibi tí omi ń dé lásìkò òjò. Àwa tí à ń gbé Ìbàdàn kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ omi ṣeré. Odò Ògùnpa ya ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980, ó gbé èèyàn, ó gbé ilé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya bo ìlú yìí. Lọ́yà kò lè rí omi nínú ìwé. Ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá, kí ẹ wo ibi tí ẹrẹ̀ dé lára ògiri ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ tó yẹ kí ẹ pe lọ́yà ni ọjọ́ tí ẹ bá sọ láàárín ara yín pé, "Èyí gan-an là ń wá," tí ẹ ti ná an débi kan, tí ajẹ́ǹtì wá ní kí ẹ san owó ìdúró. Ibẹ̀ gan-an ni. Kí owó ìdúró yẹn tó jáde. Ajẹ́ǹtì lè sọ pé ẹnìkan ń bọ̀ láti Èkó nírọ̀lẹ́, pé gbogbo owó ló kó dání. Ẹ jẹ́ kí onítọ̀hún rà á. Ilé tí kò lè dúró de àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ kò gbọdọ̀ kó owó tí ẹ fi ọdún mẹ́wàá tù jọ lé e lórí. Bó bá wá di dandan pé kí ẹ fi nǹkan sílẹ̀ kí wọ́n má baà tà á fún ẹlòmíràn, kí ó jẹ́ owó kékeré, kí lọ́yà yín sì kọ ọ́ sínú ìwé pé wọn yóò dá a padà bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ọwọ́ ilé náà kò mọ́. Ẹni tó bá ní ilé rẹ̀ lóòótọ́ yóò buwọ́ lu ìwé bẹ́ẹ̀.

Àwọn èèyàn wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lọ́hùn-ún nìyẹn. Wọ́n lè fẹnu kò lórí iye owó lónìí, síbẹ̀ kò tíì mú ẹnikẹ́ni. Àwọn lọ́yà ìhà méjèèjì yóò kọ́kọ́ yẹ ìwé wò, wọn yóò béèrè gbogbo ohun tó yẹ ní bíbéèrè, kí wọ́n tó pààrọ̀ ìwé àdéhùn tó de tọ̀tún tòsì. Ẹni yẹn kan náà, bó bá fẹ́ ra ilé n'Íbàdàn, yóò fi odidi owó ránṣẹ́ sí àbúrò rẹ̀, yóò sì dúró kó fi fọ́tò ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó dùn mí nígbàkúùgbà tí mo bá rí i. Àbúrò náà lè jẹ́ olóòótọ́ èèyàn, kí wọ́n sì lu òun náà ní jìbìtì. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ lókè òkun tó fẹ́ ra ilé sílé, ẹ sọ fún un pé kó gba lọ́yà tirẹ̀ níhìn-ín. Bó bá sì fẹ́ kí ẹnìkan máa ṣojú òun, kí lọ́yà kọ ìwé agbára fún ẹni náà, kí ó sì sọ ibi tí agbára yẹn mọ.

Ẹ ó bi mí pé kí ni lọ́yà fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe. Ìbéèrè tó kọ́kọ́ ń béèrè ni pé: ta ló ni ín? Nílẹ̀ Yorùbá, ìbéèrè yẹn jinlẹ̀. Nígbà ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ọba kan láti Òdogbolú, Elésì, sọ fún ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà pé òun gbà pé ti ẹbí ńlá kan ni ilẹ̀, tí púpọ̀ nínú wọn ti kú, tí díẹ̀ wà láàyè, tí àwọn tí a kò tíì bí kò sì lóǹkà. Òfin ilẹ̀ tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Síbẹ̀, ẹ dé agbègbè èyíkéyìí ní ẹ̀yìn ìlú yìí, ẹbí lẹ ó bá níbẹ̀. Mọ́gàjí lẹ ó bá, bàálẹ̀ lẹ ó bá, ọmọ onílẹ̀ lẹ ó bá. Kódà ilé tí ẹnìkan kọ́ fúnra rẹ̀, tó fẹ́ tà fún yín, ẹ tú ìdí rẹ̀ wò, ọwọ́ ẹbí kan ni ilẹ̀ rẹ̀ ti jáde. Bí ẹbí kò bá tà á dáadáa fún ẹni yẹn, òun náà kò ní ohun tó lè tà fún yín.

Kí ni títà dáadáa? Láti ọdún 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika, ni ilé-ẹjọ́ ti là á yéni yékéyéké. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìsí àwọn àgbà ìdílé tó yẹ kó fọwọ́ sí i, àwọn yẹn lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n sì yí i dànù. Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ fún yín pé òun ni mọ́gàjí, pé ìbuwọ́lùwé òun nìkan tó, kò tó. Bí àwọn ọ̀dọ́ ìdílé bá ní bàbá àwọn ti darúgbó, pé àwọn làwọn ń bójú tó ilẹ̀, ìyẹn tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà ìdílé wo ló wá yẹ kó wà níbẹ̀? Níbí ni ìdí igi ti wọ̀ ọ́. Ọkùnrin kan ní Èkó, Suberu Dáwódù, kú ní ọdún 1940. Ìyàwó mẹ́rin ló fi sílẹ̀, pẹ̀lú ọmọ mẹ́sàn-án. Ẹjọ́ lórí bí wọn yóò ṣe pín ohun ìní rẹ̀ dé ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ ní ọdún 1958, ó sì dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1962. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìdí igi ni àṣà Yorùbá: ọ̀nà mẹ́rin ni a ó pín in sí, ìyá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀, bí ọmọ ìyá kan bá tilẹ̀ pọ̀ ju ti èkejì lọ. Èyí túmọ̀ sí pé ìdí igi kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀rọ̀ nínú ilẹ̀ bàbá wọn. Bí ẹ bá rà á lọ́wọ́ mẹ́ta, tí ẹ gbàgbé ìkẹrin, ìkẹrin ń bọ̀.

Ó ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ èmi fúnra mi, n kò sì ní fi pa mọ́ fún yín. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni. Nọ́ọ̀sì kan fẹ́ ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí kan, mo bá a lọ sílé wọn lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ buwọ́ lùwé. Àwọn àgbà méje ló jókòó sí pálọ̀ kékeré kan, ọtí sínáápù àti obì wà lórí àga láàárín wọn. Bàbá tó dàgbà jù kò mọ̀wé, a tẹ àtàǹpàkò wọn sínú tàdáwà aláwọ̀ búlúù, a tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, wọ́n sì fi inú agbádá wọn nù ún. Mo béèrè pé, "Ṣé gbogbo ìdí igi ló pé síbí?" Wọ́n ní wọ́n pé. Wọ́n gbàdúrà, wọ́n da ọtí sílẹ̀, a túká.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, obìnrin kan tó ń ta èlùbọ́ wá sí ọ́fíìsì mi pẹ̀lú àwọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin méjì. Ìyá wọn ni ìyàwó kẹta bàbá náà. Nígbà tí bàbá kú, ìyá kó wọn padà sí ìlú tirẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n dàgbà sí. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé wọ́n ń ta ilẹ̀. Kò pariwo. Ó fi fọ́tò bàbá rẹ̀ hàn mí, òun wà ní itan bàbá náà, ọmọ kékeré ni. Ó gbà wá ju ọdún kan lọ ká tó parí rẹ̀ nítùbí-ìnùbí, nọ́ọ̀sì náà sì tún san owó kún owó. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Láti ìgbà yẹn, n kì í béèrè ìdí igi lọ́jọ́ ìbuwọ́lùwé mọ́, torí ọjọ́ owó ni ọjọ́ yẹn, gbogbo ojú ló ti wà lára owó. Mo máa ń lọ sí agbo ilé náà ṣáájú, ní ìrọ̀lẹ́, màá lọ jókòó ti ìyá tó dàgbà jù níbẹ̀, màá sì béèrè pé ìyàwó mélòó ni bàbá fẹ́. Àwọn ìyá mọ̀ ọ́n. Wọn yóò dárúkọ èyí tó lọ, èyí tó kú, èyí tí ọmọ rẹ̀ wà ní Gánà. Kò sí ìwé ìjọba tí ẹ ti lè rí irú èyí kà. Bí ẹ bá ti sanwó kí ẹ tó pè mí, kí ni màá fi irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ṣe?

Ọ̀kan tún wà tó fara jọ ọ́. Ìṣákọ́lẹ̀. Àwọn kan wà tí bàbá wọn àgbà wá dáko lórí ilẹ̀ onílẹ̀, tí wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, bóyá iṣu díẹ̀, bóyá ẹmu. Ọmọ bí ọmọ, wọ́n kọ́lé síbẹ̀, wọ́n sin òkú síbẹ̀, ìran kẹta sì gbà pé ilẹ̀ àwọn ni. Wọn kò purọ́ fún yín, ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ilẹ̀ láìgba àṣẹ onílẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò pé ta ni wọ́n ń gbé ìṣákọ́lẹ̀ lọ bá láyé àtijọ́.

Bí ilé náà bá ní ìwé lọ́dọ̀ ìjọba, lọ́yà yóò lọ sí ibi tí wọ́n ń kó ìwé ilẹ̀ pa mọ́ sí. Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Sẹkitéríàtì ní Àgodi là ń lọ. Tàwọn ará Èkó ni Aláúsá, tàwọn ará Ògùn ni Òkè-Mọ́sàn. Ìwé tí wọ́n bá ti forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ohun mẹ́ta lára: nọ́ńbà, ojú ewé, àti ìdìpọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Àdírẹ́sì ìwé náà nìyẹn. A ó kọ̀wé béèrè, a ó sanwó, wọn yóò sì jẹ́ ká wo ohun tó wà lójú ewé yẹn. Ẹni tó bá yí C of O, ìwé tí ìjọba fi ń jẹ́rìí sí ẹ̀tọ́ ẹni lórí ilẹ̀, òǹtẹ̀ rẹ̀ lè dán gbinrin, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣí ojú ewé tó kọ sára rẹ̀, orúkọ ẹlòmíràn ni ẹ ó bá, lórí ilẹ̀ mìíràn, ní àdúgbò mìíràn.

Ìwé sì lè jẹ́ ojúlówó kí wàhálà wà lára rẹ̀. Ẹni tó ni ilé lè ti fi dógò ní báńkì, kí owó báńkì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹjọ́ lè wà lórí ilé náà; ẹni tó bá ra ohun tí wọ́n ń jà lé lórí nílé ẹjọ́, ibi tí ẹjọ́ bá dá sí ni yóò dá òun náà sí. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé lè ti kú, kó wá jẹ́ ọmọ rẹ̀ àgbà ló ń tà á. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má gba "èmi ni dáódù" gẹ́gẹ́ bí ìwé. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí tí ilé-ẹjọ́ fún àwọn tó ń bójú tó ohun ìní olóògbé, kí lọ́yà lọ bá yín wádìí bóyá ilé-ẹjọ́ ló fún un lóòótọ́, kí gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà nínú rẹ̀ sì buwọ́ lùwé.

N kò ní pẹ́ lórí ti sọ́fè, torí iṣẹ́ sọfíyọ̀ ni. Kí ẹ ṣáà mọ̀ pé sọ́fè tí ẹni tó ń tà fi lé yín lọ́wọ́ kò sọ ti ta ni ilẹ̀. Bí ilẹ̀ ṣe rí àti ibi tó wà ló sọ. Ẹ jẹ́ kí sọfíyọ̀ tiyín lọ síbẹ̀, kó wo àwọn òpó ààlà ilẹ̀ náà, kó sì gbé nọ́ńbà wọn lọ wò bóyá kò bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba. Lórí èyí ni tọkọtaya ọjọ́ Ajé yẹn ti ṣubú.

Ọ̀rọ̀ owó lọ́yà ń kọ́? Mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn yín. Ohun tí wọ́n sábà máa ń bù lé yín láyé òde òní ni ìdá márùn-ún sí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún iye ilé náà. Ó pọ̀ lójú ẹni tó ń gba owó oṣù, n kò ní sọ pé kò pọ̀. Ẹ bá lọ́yà sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ẹ lè ní àyẹ̀wò nìkan ni ẹ kọ́kọ́ fẹ́, kí ẹ san ti ìyẹn, kí ẹ tó mọ̀ bóyá ẹ ó tẹ̀síwájú. Èmi máa ń gbà bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi náà ń gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí n kò fẹ́ ni pé kí ẹ tìtorí owó yìí lo lọ́yà ẹni tó ń tà. Ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́lé tà yóò sọ fún yín pé lọ́yà àwọn ti ṣe gbogbo ìwé, pé owó rẹ̀ ti wà nínú iye ilé. Lọ́yà yẹn lè jẹ́ ọmọlúàbí. Àmọ́ ẹni tó gbà á síṣẹ́ ló ń ṣiṣẹ́ fún. Bí ìwé àdéhùn bá ní wọn kò ní dá owó yín padà bí wọn kò bá kọ́lé náà tán lásìkò, kì í ṣe òun ni yóò pè yín sí kọ̀rọ̀ kó sọ fún yín.

Ẹ sì rí i dájú pé lọ́yà ni lọ́yà. Òfin àwọn lọ́yà ní Nàìjíríà sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe lọ́yà láti gbowó kọ ìwé tó fi ẹ̀tọ́ ilé tàbí ilẹ̀ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ajẹ́ǹtì kò lè kọ ọ́, ọmọ tó ń tẹ̀wé lójú títì kò lè kọ ọ́. Lọ́yà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tí ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ fi gbà á wọlé, ó sì ní òǹtẹ̀ ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà, NBA, tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò sí àrífín níbẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́, ẹ wá lè sanwó. Báńkì ni kí ẹ gbà san án, sínú àkáǹtì ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lórí ìwé, kì í ṣe ti ajẹ́ǹtì. Ní ọjọ́ kan náà ni kí wọ́n buwọ́ lu Deed of Assignment, ìwé tí ẹni tó ń tà fi gbé gbogbo ẹ̀tọ́ rẹ̀ lé yín lọ́wọ́, kí wọ́n sì fún yín ní ojúlówó ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́.

Púpọ̀ nínú àwọn èèyàn wa máa ń dúró síbẹ̀. Wọ́n ti wọlé, wọ́n ti ṣílé, wọ́n ti pa adìyẹ. Iṣẹ́ kò tíì tán. Òfin ọdún 1978 yẹn, ní abala 22, sọ pé ẹni tí ìjọba fún ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gbé ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíràn láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà. Abala 26 sì sọ pé ohun tí a bá ṣe lòdì sí òfin náà, òfo ni. Ní ọdún 1989, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ fi hàn pé òfin náà kò ṣeré. Nínú ẹjọ́ báńkì Savannah àti Ajilo, ẹni tó yá owó báńkì, tó fi ilé dógò, ló wá sọ pé wọn kò gba ìyọ̀ǹda gómìnà. Ilé-ẹjọ́ ní òótọ́ ni, ìwé dógò náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Odidi báńkì ni èyí ṣẹlẹ̀ sí, tòun ti gbogbo lọ́yà tó ní. Nítorí náà, ẹ fi owó ìyọ̀ǹda gómìnà àti owó ìforúkọsílẹ̀ kún ìṣirò yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá fi gbogbo ohun tí ẹ ní ra ilé, tí kò sí owó ìwé mọ́, ilé tó kéré díẹ̀ ni ǹ bá ní kí ẹ lọ rà.

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ débí, alága ní kí wọ́n máa béèrè ìbéèrè. Olùkọ́ ọkùnrin kan bi mí bóyá kí àwọn mẹ́rin papọ̀ gba lọ́yà kan bí wọ́n bá fẹ́ ra ilẹ̀ ní ojú kan náà. Mo ní ó dára gan-an, owó á sì fúyẹ́ fún wọn, ṣùgbọ́n kí ìwé kálukú wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí orúkọ ẹgbẹ́ má baà wà lórí ilé ẹnikẹ́ni.

Ìyá kan dìde lẹ́yìn. Wọ́n ní àwọn ti ra ilé tàwọn láti ọdún mẹ́fà, àwọn sì ti ń gbé inú rẹ̀, ṣùgbọ́n risíìtì ẹbí nìkan ló wà lọ́wọ́ àwọn, àwọn kò pe lọ́yà kankan nígbà náà. Wọ́n béèrè pé ṣé ó ti bọ́ nìyẹn. Gbogbo yàrá dákẹ́. Mo ní rárá, kò tíì bọ́. Ẹni tó sanwó, tó gba risíìtì, tí wọ́n sì fi sórí ilẹ̀ náà tó ń gbé ibẹ̀, ilé-ẹjọ́ ka ìyẹn sí ẹ̀tọ́ tó lágbára, ó sì lè pàṣẹ pé kí ẹbí fún un ní ìwé tó kù. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ tí kò tíì pé ni, ó sì sàn kí ẹbí buwọ́ lù ú nírọ̀rùn ju kí a tó dé ilé ẹjọ́ lọ. Mo wá bi wọ́n pé ta ló buwọ́ lu risíìtì náà. Wọ́n ní mọ́gàjí ni, pẹ̀lú àgbà mẹ́ta. Mo ní, "Ṣé gbogbo wọn ṣì wà?"

Wọ́n ronú díẹ̀. Wọ́n ní méjì ti kú. Mọ́gàjí ṣì wà, ṣùgbọ́n ojú wọn ti ń ṣú, wọn kì í sì í jáde mọ́.

Mo ní kí ìyá má jẹ́ kí ó di oṣù tó ń bọ̀. Lẹ́yìn ìpàdé, wọ́n dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, risíìtì náà wà nínú Bíbélì wọn, wọ́n ká a sí mẹ́rin. A fi àdéhùn sí Ọjọ́bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, pé èmi àti ìyá yóò jọ lọ kí bàbá.